Níbo Ló Yẹ Kí Èèyàn Fìdí Kalẹ̀ Sí? Àlàyé Fún Ẹni Tó Ń Wá Ibi Tí Yóò Máa Gbé Títí Lọ L'Ékòó, Ògùn Tàbí Ìbàdàn

Láti 2023 ni ìròyìn ilé wíwó kò ti tán nílẹ̀ l'Ékòó. Ìjọba ìpínlẹ̀ wó àwọn ilé tí wọ́n ní ó dí ojú ọ̀nà omi lágbègbè Ìkọ̀tá àti Lẹ́kí. Ní oṣù kẹrin 2024, ọ̀nà etíkun tí ìjọba àpapọ̀ ń là láti Èkó lọ sí Calabar, èyí tó gùn tó nǹkan bíi 700 kìlómítà, gba orí àwọn ilé ìtajà àti ibi ìgbafẹ́ kọjá létí òkun Oníru. Nínú oṣù yẹn kan náà ni owó iná àwọn tó wà ní Báńdì A, ìyẹn àwọn tó yẹ kó máa rí iná jù lọ lójúmọ́, fò láti nǹkan bíi ₦68 sí ₦225 lórí yúnìtì kan. Owó ọkọ̀ náà kò padà sí bó ṣe wà mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023. Gbogbo ìwọ̀nyí ló kó ìdààmú bá ẹni tó ń tọ́jú owó láti fi ra ilẹ̀.

Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ àwọn èèyàn, orúkọ àdúgbò ni wọ́n máa dá yín lóhùn: "Ẹ lọ sí Mówé." "Ìbẹ̀jú ló kù báyìí." "Ìbàdàn ni kẹ́ ẹ kọjú sí." Orúkọ àdúgbò kì í dáhùn ìbéèrè yìí. Nínú Mówé kan náà, pulọ́ọ̀tì kan lè dára gan-an, kí èyí tí kò ju ìjù òkò kan lọ sí i jẹ́ àbàtà tí wọ́n kó yẹ̀pẹ̀ dà sí.

Lójú tèmi, ilé la máa ń wò jù. A ó wo táìsì, a ó wo gééètì, a ó ka yàrá, a kò ní wo ibi tí ilé náà jókòó sí. Bẹ́ẹ̀, ilé tó bá ń jò, kápẹ́ńtà yóò gùn ún. Ilé tó bá wà lójú ọ̀nà omi, kò sí kápẹ́ńtà tó lè gbé e kúrò níbẹ̀. Ìdí nìyí tí àlàyé yìí fi dá lórí àwọn ohun tí owó yín kò lè tún ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá ti sanwó tán.

Kí ni àwọn ọ̀rọ̀ tí éjẹ́ǹtì máa ń sọ túmọ̀ sí?

Òfin Ilẹ̀ tó jáde ní oṣù kẹta 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, kí ó máa bá àwọn ará ìlú dì í mú. Ibẹ̀ ni ìwé lóríṣiríṣi ti wá.

C of O ni ìwé tí gómìnà fi jẹ́rìí pé ẹnì kan ní ẹ̀tọ́ láti lo ilẹ̀ kan. Ọdún 99 ló sábà máa ń jẹ́. Bí ẹni tó ni ín bá ta ilẹ̀ náà, ẹni tó rà á kì í gba C of O tuntun. Ìyọ̀ǹda gómìnà ni yóò lọ gbà, òun ni wọ́n ń pè ní Governor's Consent. Ìwé súfè ni àwòrán ilẹ̀ tí awọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ yà. Ó fi ibi tí igun kọ̀ọ̀kan wà hàn, ṣùgbọ́n kò sọ ẹni tó ni ilẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí ọ̀pọ̀ ló ti ra ilẹ̀ onílẹ̀ tòun ti ìwé súfè tó mọ́ rekete.

Excision ló máa ń rú àwọn èèyàn lójú jù. Ẹ rò ó bí aṣọ àdìrẹ ńlá kan tí ìjọba tẹ́, tó sì ní gbogbo rẹ̀ ti di tòun. Àwọn ará abúlé tó ti ń gbé orí aṣọ náà kó tó di pé ìjọba dé wá bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má fi àwọn sílẹ̀ láìríbi jókòó. Ìjọba gé apá kan nínú aṣọ náà, ó dá a padà fún wọn. Apá tí wọ́n gé fún wọn yẹn ni excision, àkọsílẹ̀ rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ìjọba ni gásẹ́ẹ̀tì. Bí éjẹ́ǹtì bá wá ní "excision ti ń bọ̀ lọ́nà," ohun tó ń sọ ni pé wọn ò tíì gé nǹkan kan, pé ọwọ́ ìjọba ni gbogbo rẹ̀ ṣì wà.

Lára aṣọ yẹn, ibì kan wà tí ìjọba ti ya sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ pàtó: ọ̀nà, pápákọ̀ òfuurufú, ilé ìwé. Committed ni wọ́n ń pe irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí tí kò sí lábẹ́ irú ètò yẹn, èèyàn lè san owó fún ìjọba kí wọ́n tún ìwé rẹ̀ ṣe. Ti committed kò ní àtúnṣe. Ẹ sá fún un.

Sẹ́tíbáàkì ni àyè tí òfin ní kí a fi sílẹ̀ láàárín ilé wa àti odò, gọ́tà, ọ̀nà tàbí okùn iná.

Ṣé omi kì í gba ibẹ̀ kọjá?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Onílé tó fẹ́ kọ̀ fún àgbàrá gbọ́dọ̀ ti kọ̀ fún un kó tó ra ilẹ̀.

Ní Ìbàdàn, odò Ògùnpa ya bo ìlú ní ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ 1980, ẹ̀mí àti dúkìá sì bá a lọ. Ní ọjọ́ 26, oṣù kẹjọ 2011, omíyalé mìíràn tún ṣẹlẹ̀ nínú ìlú yẹn kan náà, àwọn tó kú lé ní 100. Ẹ wo oṣù méjèèjì. Ìparí oṣù kẹjọ ni, àsìkò tí ọ̀pọ̀ wa gbà pé òjò ti lọ sinmi. Ẹni tó bá fi oṣù kẹfà nìkan wo àdúgbò, tó ní omi kò wọlé, kò tíì parí ìwádìí.

Odò Ògùn tún yàtọ̀, nítorí omi rẹ̀ lè dé láìsí òjò ládùúgbò. Ìdídò Ọyán wà nítòsí Abẹ́òkúta. Ní 1983 ni wọ́n ṣí i, àjọ tó ń bójú tó odò Ògùn àti Ọ̀ṣun ló ń ṣàkóso rẹ̀. Bí òjò bá ti pọ̀ lókè, omi inú ìdídò náà yóò kún, wọ́n ní láti tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ògiri rẹ̀ má baà bẹ́. Omi tí wọ́n tú sílẹ̀ yìí wọ odò Ògùn, ó ń ṣàn bọ̀ wá sí ọ̀sà Èkó. Nígbà tó bá dé ìsàlẹ̀, ilẹ̀ ti tẹ́jú, kò rọrùn fún un láti sáré kọjá, pàápàá bí omi ọ̀sà náà bá ti ga. Yóò wá tàn ká. Ìṣẹrì, Kara, Àjẹgunlẹ̀ tó wà lọ́nà Ìkòròdú, Owódé Onírin àti ẹ̀gbẹ́ Maili 12 ló máa ń bá. Láàárín oṣù kẹsàn-án sí oṣù kọkànlá ló sábà ń ṣẹlẹ̀. Ẹ lè jí láàárọ̀ ọjọ́ tí oòrùn ń ràn, kí ẹ bá omi nínú pálọ̀.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀? Oṣù kìíní sí oṣù kẹta ni àwọn tó ń ta ilẹ̀ fẹ́ràn láti kó èèyàn lọ wo ilẹ̀, wọ́n á gbé bọ́ọ̀sì, wọ́n á fún yín ní fìlà àti ẹran dídín. Ilẹ̀ gbogbo ló dára lóṣù kejì. Ẹ lọ fúnra yín lóṣù kẹfà, ẹ tún lọ lóṣù kẹwàá, lọ́jọ́ kejì òjò ńlá. Ẹ wo ara ògiri àwọn ilé tó ti pẹ́ níbẹ̀. Omi máa ń fi ìlà sílẹ̀ lára ògiri, ọ̀dà tuntun kì í sì í bò ó pẹ́. Ẹ wò ó bóyá àwọn èèyàn fi búlọ́ọ̀kù gbé ẹnu ọ̀nà wọn ga, bóyá ilẹ̀ pálọ̀ wọn ga ju títì lọ fíofío. Ẹ wo irú koríko tó wà lórí ilẹ̀ tí wọn kò tíì kọ́: bí ó bá jẹ́ eèsún àti igi tó ń hù létí omi, ẹ ti rí èsì. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyá tó ń ta àkàrà ní ìkòríta. Kò ní nǹkan kan láti tà fún yín ju àkàrà lọ, èyí tó mú kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ níye lórí ju ti éjẹ́ǹtì.

Yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n kó dà sí àbàtà kì í parí ọ̀rọ̀. Ó lè gbé ilé tiyín ga, omi náà yóò kàn yà sọ́dọ̀ aládùúgbò, òun náà yóò kó yẹ̀pẹ̀ tirẹ̀ dé. Nígbà tí ìjọba bá wá fẹ́ ṣí ojú omi, ilé tó wà lójú rẹ̀ ni wọ́n ń wó.

Ta ló ni ilẹ̀ náà lóòótọ́?

Bí ilẹ̀ bá jẹ́ ti ẹbí, òfin ti sọ ẹni tó lè tà á. Bí ọmọ ẹbí kan bá dá a tà láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, títà náà kò dúró rárá. Bí olórí ẹbí bá dá a tà láìsí àwọn tó ń ṣojú ìdí igi yòókù, ìyẹn àwọn ẹ̀ka ẹbí náà, àwọn ìyẹn lè lọ sí kóòtù kí wọ́n bá a fagi lé e. Ìdí nìyí tí lọ́yà tó mọ iṣẹ́ fi ń fẹ́ kí olórí ẹbí àti àwọn aṣojú ìdí igi kọ̀ọ̀kan fọwọ́ síwèé pa pọ̀. Tí wọ́n bá ní bàbá kan ń ṣàìsàn, pé kí ẹ má dúró dè é, ẹ dúró dè é.

Lẹ́yìn ti ẹbí, ó ku ti ìjọba. Ẹ gba ẹ̀dà ìwé súfè náà kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan. Ẹ gbé e fún awọnlẹ̀ tiyín, tí kì í ṣe ti ẹni tó ń tà, kó lọ síbi ilẹ̀ náà, kó wọn àwọn igun rẹ̀ fúnra rẹ̀, kó sì gbé nọ́ńbà tó rí lọ sí ọ́fíìsì olórí awọnlẹ̀ ìpínlẹ̀. Aláùsá ni ti Èkó wà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti máa wò ó lórí máàpù bóyá ó bọ́ sí abẹ́ ilẹ̀ tí ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé, àti irú èyí tó jẹ́. Kí ni ìdí tí awọnlẹ̀ yín fi gbọ́dọ̀ tún un wọ̀n? Nítorí pé àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìwé ilẹ̀ tó dára ni wọ́n máa ń fi hàn, ilẹ̀ mìíràn ni wọ́n mú yín lọ wò. Ìwé yóò yege ní Aláùsá, ilẹ̀ tí ẹ dúró lé kò sì sí nínú rẹ̀. Lọ́yà náà yóò lọ sí ibi tí wọ́n ń kó ìwé ilẹ̀ pamọ́ sí, yóò wò ó bóyá ẹlòmíì ti fi ilẹ̀ náà yáwó ní báńkì tàbí ẹjọ́ wà lórí rẹ̀.

Àní C of O kò sọ pé ìjọba kò lè gba ilẹ̀ náà mọ́. Òfin 1978 gbà wọ́n láyè láti gbà á bí ìlú bá nílò rẹ̀. Ohun tó ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni ti owó gbà-má-bínú: owó ohun tí ẹ kọ́ tàbí tí ẹ gbìn sórí rẹ̀ ni òfin ní kí wọ́n san, kì í ṣe iye tí ilẹ̀ náà ń lọ lọ́jà. Ilé tí kò ní ìwé àṣẹ ìkọ́lé, ìyẹn àpúrúfà, wọ́n lè ní àwọn kò rí i. Ẹ̀gbẹ́ Circular Road tí wọ́n ń là yí Ìbàdàn ká, tó gùn tó 110 kìlómítà, wà lára ibi tí àwọn onílé ti pariwo lórí bí ilẹ̀ tí ìjọba gbà ṣe fẹ̀ tó. Ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tuntun máa ń wuni, nítorí owó rẹ̀ ń gòkè. Kí ẹ kọ́kọ́ béèrè bí ọ̀nà náà yóò ṣe fẹ̀ tó nígbà tó bá dàgbà.

Okùn iná ńlá tó wà lórí òpó irin gàgàrà náà ní ààlà tirẹ̀: àyè 50 mítà ní fífẹ̀ fún èyí tó ń gbé 330 kV (kV ni wọ́n fi ń wọn bí iná inú okùn ṣe lágbára tó), 30 mítà fún 132 kV. Àwọn èèyàn kọ́lé sábẹ́ rẹ̀ nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ dínwó. Ó dínwó lóòótọ́.

Ní ti ọmọ onílẹ̀, ìjọba Èkó ti ṣòfin lòdì sí wọn ní 2016: fífi ipá gbalẹ̀ àti gbígba owó ìpìlẹ̀, owó òrùlé, owó kí-la-fẹ́-jẹ. Òfin wà lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó bá ti ń kọ́lé lọ́wọ́ mọ̀ pé ó dára kí òun ti béèrè lọ́wọ́ àwọn tó kọ́ ṣáájú òun iye tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn.

Wákàtí mélòó ni ibẹ̀ sí ibi tí ẹ ti ń jẹun?

Kìlómítà kì í sọ òótọ́ ní ìhà ọ̀dọ̀ wa. Wákàtí ló ń sọ ọ́. Ẹni tó bá ń lo wákàtí mẹ́ta lójúmọ́ ní àlọ àti àbọ̀, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 48 lọ́dún, ti fi wákàtí 720 jókòó sínú ọkọ̀. Ọgbọ̀n ọjọ́ gbáko nìyẹn, tọ̀sán tòru. Owó tí ẹ fi dín owó ilẹ̀ kù, ẹ̀ ń san án padà lójoojúmọ́ fún dánfó tàbí fún epo.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ òótọ́ ọ̀nà Mówé, Ìbàfò tàbí Àrèpó, ẹ sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì tàbí ilé ẹbí níbẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú, kí ẹ gbéra ní aago márùn-ún àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ẹ tún padà síbẹ̀ ní àṣálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù, nígbà tí àwọn olùjọsìn ń rọ́ lọ sí Redemption City. Wíwo ọ̀nà yẹn ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kò kọ́ni ní nǹkan kan.

Ọkọ̀ ojú irin ti yí ìṣirò padà fún àwọn kan. Èyí tó ń lọ láti Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta dé Mọ́níyà ní Ìbàdàn, 157 kìlómítà, ṣí ní oṣù kẹfà 2021, ó sì ń dúró ní Abẹ́òkúta. Èyí tí ìjọba Èkó ṣe, tó ń lọ láti Agbádó dé Òyìngbò, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù kẹwàá 2024. Ti Márínà sí Maili 2 ti ṣáájú rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2023. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà, tó ń gbé nítòsí ibùdókọ̀ Agbádó, kò sí nínú wàhálà kan náà pẹ̀lú ẹni tó ń gba Berger wọlé. Ṣùgbọ́n kí ẹ wo iye ìgbà tí ọkọ̀ náà ń lọ lójúmọ́ àti aago tí èyí tó kẹ́yìn ń gbéra. Mọ́níyà náà kì í ṣe àárín Ìbàdàn. Láti ibẹ̀ dé Chállẹ́ǹjì, ìrìn àjò mìíràn ni.

Ohun kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í rántí nípa ààlà ìpínlẹ̀. Owó orí tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù, ìpínlẹ̀ tí òṣìṣẹ́ ń gbé ló ni ín, kì í ṣe ibi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń gbé Akute tó ń ṣiṣẹ́ ní Aláùsá, ará Ìpínlẹ̀ Ògùn ni. Bí títì iwájú ilé rẹ̀ bá bàjẹ́, Abẹ́òkúta ni yóò kọjú sí.

Iná wo, omi wo?

Báńdì kì í ṣe ti àdúgbò, ti okùn tó gbé iná wá ni. Okùn kan, tí wọ́n ń pè ní fídà, máa ń gbé iná fún àwọn òpópónà kan. Fídà mìíràn gbé ti òdìkejì títì. Báńdì A ní láti rí iná fún wákàtí 20 ó kéré tán lójúmọ́, B 16, C 12, D 8, E 4. Nípa bẹ́ẹ̀, òpópónà méjì tó kọjú síra lè máa san iye owó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ má béèrè pé "ṣé iná wà níbí?" Ẹ ní kí ayálégbé kan fi ìwé tí wọ́n fi ra iná kẹ́yìn hàn yín: iye yúnìtì tó rí fún owó rẹ̀ yóò sọ báńdì tó wà. Kí ẹ sì mọ̀ pé báńdì lè yí padà lọ́dún tó ń bọ̀. Fún ẹni tó ń wo ogún ọdún, òrùlé tó gba sólà, tí ilé alája mẹ́ta kò bò mọ́lẹ̀, lè ṣe pàtàkì ju Báńdì A ti òní lọ.

Ti omi ò sì dọ́gba. Orí àpáta ni Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn jókòó lé. Omi inú ilẹ̀ ibẹ̀ kì í tàn káàkiri bákan náà, inú ibi tí àpáta ti sán ló máa ń wà. Ẹnì kan lè gbẹ́ bọ́họ̀ọ̀lù kó rí omi púpọ̀, kí aládùúgbò rẹ̀ gbẹ́ tirẹ̀ kó kan àpáta gbígbẹ. Ẹ pe àwọn tó ń fi ẹ̀rọ wádìí omi inú ilẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́, kódà kí ẹ tó ra ilẹ̀ bí ẹni tó ń tà bá gbà. Ní ìhà Lẹ́kí àti Ajah, yanrìn ni ilẹ̀ wọn, omi kì í wọ́n wọn. Ìṣòro tiwọn ni pé omi náà lè pọ́n nítorí irin tó wà nínú rẹ̀, tàbí kó mú iyọ̀ dání nítorí òkun tó súnmọ́ ọn. Owó ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi wà lára owó ilé níbẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí ara bá di ti àgbà ńkọ́?

Ẹni ogójì ọdún ló sábà ń ra ilẹ̀. Ẹni àádọ́rin ọdún ni yóò wá máa gbé inú rẹ̀. Kí ẹ bá ẹni yẹn rò ó.

Ibi tí ilé ìwòsàn gidi wà kò pọ̀. UCH ti wà ní Ìbàdàn láti 1957. LUTH wà ní Ìdí-Àràbà, ti Ifẹ̀ wà, ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Abẹ́òkúta. Ẹ wọn wákàtí láti ẹnu ọ̀nà yín dé ọ̀kan nínú wọn ní aago méjì òru, kì í ṣe ní ọ̀sán. Ọ̀nà tí ọ̀kadà nìkan lè gbà nígbà òjò, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru kò gbọ́dọ̀ gbé ìparí rẹ̀. Èyí wà lára ìdí tí mo fi ka Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta sí ju ẹ́sítéètì tó jìnnà wọnú igbó lọ, bó ti wù kí gééètì rẹ̀ rẹwà tó. Ọjà, ilé ìwòsàn àti ibi ìjọsìn tí a lè fẹsẹ̀ rìn dé níyì ju adágún omi ìwẹ̀ lọ fún àgbà.

Ẹ wo àwọn tí ẹ fẹ́ bá gbé náà. Ẹ lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ onílé kan gẹ́gẹ́ bí àlejò. Láàárín wákàtí kan, ẹ ó ti gbọ́ ti tàràńsífọ́mà tó jóná, ti owó ọlọ́dẹ, ti ilé ìjọsìn tó ń fi gbohùngbohùn kọrin dòru, ti ẹni tó ju pàǹtí sí gọ́tà. Éjẹ́ǹtì kò ní sọ ìdajì rẹ̀ fún yín.

Ṣé ìlú bàbá ẹni kọ́ ló yẹ kí a padà sí?

Ó lè jẹ́. Ilẹ̀ wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bi yín pé níbo lẹ ti wá. Ṣùgbọ́n ìlú tí a ń lọ fún Iléyá àti Kérésì yàtọ̀ sí ìlú tí a ń gbé. Ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń wá fún Ojúde Ọba lọ́dọọdún kò tíì gbé Ìjẹ̀bú. Kò mọ bí ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ṣe ń rí níbẹ̀ lóṣù keje, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti padà sí Èkó àti London. Ọ̀pọ̀ ilé ńlá ló wà ní ìlú wa tó jẹ́ alábòójútó ilé àti àdán ló ń gbé e. Bí ó bá wù yín láti fi ilé sílẹ̀ ní ìlú bàbá yín nítorí orúkọ, kò burú, ẹ kọ́ ọ níwọ̀nba, ẹ má kà á mọ́ ibi tí ẹ ó máa gbé. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e lóòótọ́, ẹ lo oṣù mẹ́ta níbẹ̀ láìsí ayẹyẹ kankan.

Ṣé kí a kọ́kọ́ yá ilé gbé níbẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni, bí agbára bá wà. Ọdún kan gẹ́gẹ́ bí ayálégbé nínú àdúgbò tí ẹ fẹ́ rà yóò fi òjò méjèèjì hàn yín, yóò fi ọyẹ́ hàn yín, yóò fi sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ hàn yín. L'Ékòó, òfin ayálégbé ti 2011 ní kí onílé má gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, àyàfi pé òfin náà kò kan Ìkòyí, Victoria Island, Apápá àti GRA Ìkẹjà. Owó éjẹ́ǹtì àti ti ìwé àdéhùn máa ń wá lẹ́yìn rẹ̀, ìdá mẹ́wàá mẹ́wàá ló sábà ń jẹ́, nítorí náà ẹ kà á mọ́ ọn. Ó dunni láti san owó ilé nígbà tí owó ilẹ̀ wà lọ́wọ́, mo mọ̀. Ó ṣì kéré sí owó ìpìlẹ̀ tí a kọ́ sínú omi.

Ẹni tó wà ní London tàbí Houston kò lè wá yá ilé gbé ní Mówé. Tirẹ̀ ni pé kó má fi gbogbo iṣẹ́ sọ́wọ́ ẹnì kan. Àbúrò tó ń bá yín wá ilẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ń yan lọ́yà àti awọnlẹ̀. Ẹ yan lọ́yà fúnra yín, kí èsì ìwádìí ti Aláùsá tàbí ti Abẹ́òkúta wá tààrà sọ́dọ̀ yín. Bí ẹ bá fún ẹnikẹ́ni ní ìwé agbára láti ṣojú yín, kí wọ́n kọ ohun tó lè ṣe àti èyí tí kò lè ṣe sínú rẹ̀ kedere, kí títà wà lára èyí tí kò lè ṣe. Ẹ ní kí wọ́n ya fídíò ilẹ̀ náà lóṣù kẹwàá, kí fóònù tí wọ́n fi yà á máa fi nọ́ńbà ibi tí wọ́n dúró sí hàn, kí ẹ lè fi wé ti inú ìwé súfè.